Ẹ̀bà Tó Tó Ìkúùkù Mi

Òùngbẹ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Inú òtútù la wà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Mo ń wa bọ́ọ̀sì láti Woolwich lọ sí Thamesmead, síbẹ̀ ọ̀fun mi ń gbẹ bí ẹni tó ń rìn nínú oòrùn ọ̀sán. Ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò méjì ni mo máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi lójoojúmọ́, kí n sì tó lọ kí n tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, méjèèjì á ti tán. N kò mọ̀ pé ohun tí mo fi ń pa òùngbẹ náà ló ń dá kún un.

Ìtọ̀ ló tẹ̀lé òùngbẹ. Ẹni tó bá ti wa bọ́ọ̀sì rí mọ̀ pé awakọ̀ kò lè dédé pa ọkọ̀ tì láàárín ọ̀nà kó ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Mo máa ń pa á mọ́ra títí màá fi dé òpin ọ̀nà, tí màá sáré wọ ilé ìtọ̀ àwa òṣìṣẹ́ láìkí ẹnikẹ́ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, agbára mi kò gbé e mọ́. Mo dá ọkọ̀ dúró ní ibùdókọ̀ kan ní Thamesmead, mo bẹ àwọn èrò, mo sì sáré wọ ẹ̀yìn ògiri kọnkéré kan. Nígbà tí mo padà dé, ojú tì mí débi pé ilẹ̀ ni mò ń wò. Ìyá òyìnbó àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú dìde wá bá mi.

Ó ní, "Má bínú sí mi o. Bí ọkọ mi ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyí kí wọ́n tó sọ fún un pé ó ní àtọ̀gbẹ. Lọ rí dọ́kítà."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣí ọkọ̀. Nínú ọkàn mi, mò ń sọ pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rí bó ṣe wí.

Nígbà tí mo délé, mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti rí àìsàn yẹn lára púpọ̀ nínú àwọn tí òun ń tọ́jú. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ parí.

"Daddy, láti ìgbà wo ni òùngbẹ yìí ti bẹ̀rẹ̀?"

"Á tó oṣù méjì."

"Oṣù méjì! Ẹ kàn ń wò mí níran? Ó dáa. Láàárọ̀ ọ̀la, èmi àti ẹ̀yin la jọ ń lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà."

A jọ lọ lóòótọ́. Dọ́kítà gún mi níka, ó tún fa ẹ̀jẹ̀ lápá mi, ó ní ká padà wá. Nígbà tí a padà lọ, ó ní àtọ̀gbẹ ni, irú èyí tó sábà máa ń mú èèyàn nígbà tó bá ti dàgbà. Ó fún mi ní oògùn oníhóró tí màá máa lò láràárọ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa ojú, ó sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ àti kíndìnrín, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu mi.

"Ṣé mo ṣì lè wa bọ́ọ̀sì?"

Ó ní mo lè wà á, bí oògùn àti oúnjẹ bá ká ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi lápá kò. Ṣùgbọ́n bí kò bá ká a, tó bá di pé mò ń gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, òfin kò ní gbà kí n wa ọkọ̀ èrò mọ́.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ yẹn jẹ́ lójú mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé London, ọdún mẹ́rin ni mo fi fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọ́fíìsì. Mo ti inú ìyẹn bọ́ sí ilé ìkẹ́rùsí, níbi tí mo ti ń ru àpótí títí ẹ̀yìn mi fi ń dùn mí. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi ní láísẹ́ǹsì bọ́ọ̀sì, mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi, mo lọ sí Powis Street, òpópónà ọjà Woolwich, mo sì rìn ín lọ rìn ín bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, láìsí pé mo fẹ́ ra ohunkóhun. Mo kàn fẹ́ kí ayé rí mi ni. Ẹni tó bá fẹ́ gba kọ̀kọ̀rọ́ bọ́ọ̀sì yẹn lọ́wọ́ mi, a jọ máa jà á ni.

Wọ́n ní kí n lọ rí ọmọbìnrin òyìnbó kan nílé ìwòsàn, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti máa kọ́ àwọn aláìsàn bí wọ́n ṣe máa jẹun. Ó fún mi ní ìwé kan. Pòtétò wà níbẹ̀, búrẹ́dì wà níbẹ̀, makaróní wà níbẹ̀, ó sì sọ iye tí mo lè jẹ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. Kò sí oúnjẹ mi kankan níbẹ̀. N kò bi í ní nǹkan kan. Mo rò pé ohun tí kò bá ti sí nínú ìwé náà, ó ti di èèwọ̀ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jẹ pòtétò bíbọ̀ pẹ̀lú kábéèjì. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ á jókòó ti ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́, èmi á jókòó sí igun tèmi bí àlejò tó wá gba iṣẹ́. Ara mi ń gbẹ, inú sì ń bí mi sí gbogbo èèyàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan tí mo rò pé ẹnikẹ́ni kò sí nílé, mo gbé omi kaná, mo te ẹ̀bà, mo sì te é tó èyí tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pàdánù. Orí rẹ̀ ni mo wà tí ìyàwó mi ṣílẹ̀kùn wọlé.

Ó wo abọ́. Ó wò mí. Ó rọra gbé báàgì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Daddy, ṣé ẹ fẹ́ pa ara yín ni?"

Mo ní, "Ṣé kí n kú sórí pòtétò ni kó tó tẹ́ ẹ yín lọ́rùn? Oúnjẹ mi kò sí nínú ìwé wọn!"

"Kò sí nínú ìwé wọn nítorí pé wọn kò mọ̀ ọ́n ni. Ṣé ẹ ti bi wọ́n? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá èrò fa ọ̀rọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ dákẹ́ níwájú ọmọ kékeré yẹn. Ẹ gbé gàrí náà lọ hàn án!"

Mo kọ́kọ́ rò pé ìbínú ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ àdéhùn mi pé, ìyàwó mi ti di gàrí sínú ọ̀rá kan, ó di èlùbọ́ sínú òmíràn, ó di ẹ̀wà, ó di ìrẹsì lílọ̀ tí a fi ń ro òkèlè, ó sì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n kan lé e. Mo gbé gbogbo rẹ̀ sínú báàgì iṣẹ́ mi. Mo kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì ọmọbìnrin náà.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó tú ọ̀rá gàrí, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi méjì nínú hóró rẹ̀ sẹ́nu.

"Kí ni wọ́n fi ṣe é?"

"Ẹ̀gẹ́. A máa ń rin ín, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó sì yan án."

"Báwo lẹ ṣe máa ń jẹ ẹ́ tó?"

Mo la ọwọ́ mi méjèèjì, mo fi bó ṣe máa ń tóbi tó nínú abọ́ hàn án. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

"Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?"

"Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ebi bá sì pa mí, màá tún bù sí i."

Ó jókòó dáadáa. Ó ní, "N kò mọ oúnjẹ yín, kò sì sẹ́ni tó kọ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi."

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú òyìnbó, kò tíì sẹ́ni tó jókòó sẹ́yìn tábìlì tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún mi rí. Orí mi wú. Ó ní kí n di ọwọ́ ọ̀tún mi, ó wò ó, ó ní ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bà tó tó ìkúùkù yẹn, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tó pọ̀ tó bí mo bá ṣe fẹ́, kí epo kéré. Ó fún mi ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ó kọ́ mi bí mo ṣe máa gún ìka mi kí n tó jẹun, àti lẹ́yìn wákàtí méjì tí mo bá ti jẹun tán. Ó ní kí n máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Báyìí ni èmi tí n kò kà kọjá ìwé mẹ́wàá ṣe di olùwádìí nínú kíṣìnì ara mi. Ìyàwó mi ra òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn òyìnbó fi ń wọn ìyẹ̀fun kéèkì. Òun ni yóò wọn gàrí gbígbẹ, èmi ni n ó gún ìka. Ní Sátidé, a dán ẹ̀bà wò. Ní Sátidé kejì, ìrẹsì lílọ̀. Òkèlè tó funfun, tó sì rọ̀ yìí ni mo fọkàn tán jù, nítorí ó jọ oúnjẹ aláìsàn. Òun gan-an ló gbé ṣúgà mi dé mẹ́rìndínlógún lórí ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó kọjá mẹ́wàá. A tún un ṣe kó lè dá wa lójú, ó tún dé ibẹ̀. Ẹ̀wà ló yà wá lẹ́nu. Mo jẹ ẹ̀wà yó, mo gún ìka, mẹ́jọ péré. Mo pariwo, ìyàwó mi sáré wọlé, ó rò pé mo ti ṣubú ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tí a dín, ẹ má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn.

Tẹ́lẹ̀, ẹ̀bà mi ló máa ń ga, tí ọbẹ̀ á wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Ìyàwó mi dojú abọ́ náà délẹ̀. Ẹ̀fọ́ àti ẹja ló wá ń kún abọ́, tí òkèlè á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó tijú. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Lọ́jọ́ tí n kò bá ní iṣẹ́ lọ́sàn-án, màá gba etí odò lọ sí apá Crossness, níbi tí wọ́n ti ń sọ omi ìdọ̀tí gbogbo ìlú di mímọ́. Òórùn ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnu ń sọ bí afẹ́fẹ́ bá yí síbi tí èèyàn wà, ṣùgbọ́n àwọn ẹṣin máa ń jẹko nínú àbàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì fẹ́ràn láti máa wò wọ́n. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, bẹ́líìtì mi wọlé ní ihò méjì. Nọ́ńbà bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ lókèèrè, tó ti ń ṣe bàìbàì lójú mi, tún mọ́ gaara.

Mo rò pé mo ti borí nìyẹn. N kò tíì borí.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wa, ilé ìkẹ́rùsí kan la sì yá fún ìsìn ní Thamesmead West, kò jìnnà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá kan tó wà níbẹ̀. Bàbá Wòlíì wa pàṣẹ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún gbogbo ìjọ, láti àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí yóò parí lọ́jọ́ Ìsinmi. Èmi jẹ́ alàgbà nínú ìjọ. Kò wá sí mi lọ́kàn pé alàgbà lè sọ pé òun kò gba ààwẹ̀. N kò sọ fún ìyàwó mi pé mo ń gbà á, nítorí mo mọ ohun tó máa sọ. Dọ́kítà sì ti ní n kò gbọ́dọ̀ fo oògùn mi, nítorí náà ní gbogbo àárọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo fi omi díẹ̀ gbé e mì, mo sì jáde láìjẹun. Mo rò pé mo ti tẹ́ Ọlọ́run àti dọ́kítà lọ́rùn pa pọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, bíi aago kan ọ̀sán, orin ti gbóná. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ẹnu mi ń sọ ohun tí èmi fúnra mi kò mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ mi yẹ̀, mo wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí kọnkéré tútù. Mo ń gbọ́ tí àwọn ará ń kígbe "Halelúyà!", tí orin tún ń ròkè sí i. Wọ́n rò pé ẹ̀mí ló gbé mi. Ẹnì kan tiẹ̀ gbé ìwé àti kálàmù wá láti kọ ìran tí mo bá sọ sílẹ̀.

Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ dé ni, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ sùtánà. Àwọn tó rí i ló sọ ìyókù fún mi. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbọ̀nwọ́ ti àwọn èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Alàgbà kan na ọwọ́ dí i lọ́nà.

"Mummy, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ̀mí wà lára wọn."

"Kì í ṣe ẹ̀mí! Ṣúgà ló lọ sílẹ̀ lára ọkọ mi! Ẹ kúrò lọ́nà!"

Oyin wà lórí tábìlì níwájú pẹpẹ, nínú àwọn ohun tí ìdílé kan gbé wá fún ìsọmọlórúkọ. Nínú ìjọ wa, obìnrin kì í dé ibẹ̀. Ìyàwó mi dé ibẹ̀. Ó já ìdérí oyin náà, ó padà wá kúnlẹ̀ tì mí, ó rí i pé mo ṣì lè gbé nǹkan mì, ó sì ń fi ìka pa oyin sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́ nínú, díẹ̀díẹ̀, ó ń pè mí bó ṣe máa ń pè mí nígbà tí a ṣì ń fẹ́ra sọ́nà. Orin ti dákẹ́. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo fi mọ̀ pé mo ṣì wà láyé. Nígbà tí mo lè jókòó, ó fún mi ní búrẹ́dì jẹ níwájú gbogbo ìjọ, mo sì jẹ ẹ́.

Oògùn ti fa ṣúgà mi wálẹ̀, kò sì sí oúnjẹ nínú mi tó máa gbé e ró. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù kì í ṣe ìṣubú yẹn. Ó jẹ́ pé bí ó bá jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ ni, orí ìjókòó awakọ̀ ni ì bá ti ká mi mọ́, pẹ̀lú èrò ní àjà òkè àti nísàlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sọ fún àwọn ọ̀gá mi fúnra mi. Wọ́n ní kí n má wakọ̀ títí dọ́kítà yóò fi kọ̀wé. Dọ́kítà pa oògùn náà dà sí irú mìíràn tí kì í já ṣúgà bọ́ lójijì bẹ́ẹ̀, ó sì ní àwọn á máa yẹ̀ mí wò fúngbà díẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Bàbá Wòlíì wá sílé wa. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ láti tọrọ àforíjì nítorí pẹpẹ.

Bàbá ní, "Ẹ dìde, ìyá. Bí ẹ bá ti dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, opó lẹ̀ bá jẹ́ lónìí. Èmi ni mo pàṣẹ ààwẹ̀ láìbéèrè ẹni tó ń lo oògùn." Ó wá yíjú sí mi. "Alàgbà, ẹ máa dìde ní Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ máa ṣàlàyé àìsàn yìí fún ìjọ. Ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́."

N kò fẹ́. Láàárín wa, àìsàn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé síta, ẹni tó ní i á ní ó kàn rẹ òun díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo dìde. Mo sọ nípa òùngbẹ, mo sọ nípa ẹ̀yìn ògiri ní Thamesmead, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo sọ nípa oògùn tí mo lò láìjẹun, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá Wòlíì dìde lẹ́yìn mi, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá ń lo oògùn dọ́kítà kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ àfi tí dọ́kítà bá mọ̀ sí i. Nígbà tí ìsìn parí, mo ka èèyàn mẹ́sàn-án tó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Márùn-ún nínú wọn ti ní àìsàn náà, ọkọ tàbí ìyàwó wọn kò sì mọ̀.

Mo sọ èyí fún ọmọbìnrin inú ilé ìwòsàn yẹn. Ó ní, "Ṣé mo lè wá síbẹ̀?" Ó wá ní ọ̀sán Sátidé kan, ó gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ dání. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún un. Àwọn ìyá ìjọ gbé ìkòkò wá, ìyàwó mi ń bu oúnjẹ sórí òṣùwọ̀n, èmi ń ṣe ògbufọ̀. Nǹkan tí a kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú gbogbo ohun tí èmi àti ìyàwó mi ti dán wò, ló di ìwé tuntun fún ilé ìwòsàn náà. Nígbà tó fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ hàn mí, kò sí àmì ohùn kankan lórí àwọn ọ̀rọ̀ wa. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àwọn kò ní i. Mo gba bírò dúdú, mo jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, mo fọwọ́ ara mi to àmì sórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀bà, ẹ̀fọ́, mọ́ínmọ́ín, kí wọ́n tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní ka oúnjẹ ìyá mi níkàkúkà nílé ìwòsàn tí mo bá wà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi jókòó sílé. Lọ́jọ́ tí mo máa gbọ́ àbájáde, ìyàwó mi gba àyè níbi iṣẹ́, ó bá mi lọ. Dọ́kítà wo ìwé ẹ̀jẹ̀ mi, ó wo ojú mi, ó ní kí n bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ mi láàárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan. Ó padà sẹ́yìn tábìlì, ó kọ̀wé fún ìgbà pípẹ́.

Ó ní, "Ẹ lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Mi ò sábà máa ń rí ẹni tó ká a bí ẹ ṣe ká a yìí."

Mo ní, "Èmi nìkan kọ́." Mo nawọ́ sí ìyàwó mi.

Ojú ọ̀nà ni ó ti bú sẹ́kún. Mo fún un ní áńkáṣíìfù mi, a dúró títí ó fi sunkún tán. Lẹ́yìn náà, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé, a gun àjà òkè, a jókòó sórí ìjókòó iwájú pátápátá níbi tí àwọn ọmọdé máa ń sáré jókòó sí. N kò jókòó síbẹ̀ rí. Ìyàwó mi fi orí lé mi léjìká, ó ní kí n sọ fún òun nígbà tí awakọ̀ náà bá ṣe àṣìṣe. Mo wo ọ̀nà náà láti Woolwich títí dé Thamesmead. Kò ṣe àṣìṣe kankan, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé èmi máa ń yà ní kọ́nà dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.